Kubwa dà? Lẹ́tà sí olóòtú lórí bí a ṣe ń ka nǹkan nínú SQL

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Mi ò kì í sábà kọ lẹ́tà, kíkà ni tèmi, tí mo bá ti rí ẹ̀dà kan rà ní Kubwa níbí ó ti tó mi, torí ìwé ìròyìn Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn fẹ́ńdọ̀ Abuja. Àmọ́ abala kọ̀ǹpútà tí ẹ ń gbé jáde fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn ló jẹ́ kí n gbé fóònù tí mò ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa fa nọ́ńbà jáde látinú détábéèsì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí) fún àwọn ọ̀gá tó máa ń fẹ́ ríípọ́ọ̀tù kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà nígbà tí mo rí i pé ẹ ti dé orí SQL, èdè tí a fi ń bi détábéèsì ní ìbéèrè, inú mi dùn, mo kà á tán, mo tún un kà.

Ẹni tó ń kọ abala náà gbìyànjú gan-an. Ó ṣàlàyé SELECT tó ń mú ohun tí a fẹ́ rí jáde, ó ṣàlàyé WHERE tó ń ṣa ìlà tó bá kòńdíṣọ̀n mu, ó ṣàlàyé GROUP BY tó ń kó ìlà jọ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, gbogbo ẹ̀ yé ni. Ibi tí mi ò ti bá a lọ ni ibi tó ti ní tí èèyàn bá fẹ́ ka oríṣi nǹkan mẹ́ta nínú tébù (àtẹ onílà) kan náà, kó kọ kúẹ́rì (ìbéèrè SQL) mẹ́ta, kó fi WHERE tiẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá kó èsì wọn sínú Excel kó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé ọ̀nà yẹn ń kó bá èèyàn. Mi ò ní kì í ṣiṣẹ́ o, ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ tí ò bá ṣiṣẹ́ kò ní pariwo, kò ní gbé ẹ́rọ̀ kankan jáde, ṣe ni nọ́ńbà tí ò tọ̀nà á jókòó jẹ́jẹ́ síbẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wò ó, torí Yorùbá wo ló wà ní Abuja tí ò sí nínú ọ̀kan. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ẹ̀ka ní Gwagwalada, Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Zuba. Tébù kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo lóònù sí, wọ́n sọ ọ́ ní loonu, ìlà kan fún lóònù kan. Ẹ̀ka tí wọ́n ti yá owó wà nínú eka, nọ́ńbà ẹni tó yá a wà nínú omo_egbe, bí ọ̀rọ̀ lóònù náà ṣe rí wà nínú ipo: wọ́n ti san án tán, wọ́n ṣì ń san án, tàbí ó ti kọjá ọjọ́. Alága wá ní òun fẹ́ mọ iye lóònù tó wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n ti san tán nínú ẹ̀, àti iye tó ti kọjá ọjọ́.

Ọ̀nà tí abala yín kọ́ wa nìyí, fún àwọn tó ti kọjá ọjọ́:

SELECT eka, COUNT(*)
FROM loonu
WHERE ipo = 'koja ojo'
GROUP BY eka
ORDER BY eka;

Ó dáa, COUNT(*) ló ń ka ìlà. Ṣùgbọ́n ká ní àwọn ará Kubwa ò jẹ gbèsè kankan (àwa ará Kubwa, ẹ mọ̀ wá), èsì tó máa jáde kò ní sọ pé Kubwa ní òdo. Kubwa ò ní sí níbẹ̀ rárá. Gwagwalada, Lugbe, Nyanya, Zuba, ó parí. Ẹ wá lọ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èsì àkọ́kọ́ (ti gbogbo lóònù) tó ní ẹ̀ka márùn-ún nínú Excel, ẹ ò ní rí i pé gbogbo ẹ̀ ti sún sókè: gbèsè Lugbe á bọ́ sórí Kubwa, ti Nyanya á bọ́ sórí Lugbe, ti Zuba á bọ́ sórí Nyanya, Zuba fúnra ẹ̀ á wá ṣófo, á dà bíi pé àwọn ló mọ́ jù nínú ẹgbẹ́.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa. Ọmọkùnrin tó ṣe ríípọ́ọ̀tù náà kò ṣe é pẹ̀lú ìwà ìbàjẹ́ kankan, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe é. Alhaja akápò wo bébà, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀. "Ta ló kọ gbèsè mọ́ àwọn ará Kubwa lọ́rùn? Èmi ni mò ń gba owó lọ́wọ́ wọn, wọn ò jẹ wá ní kọ́bọ̀." Ọmọ náà dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú mà, kọ̀ǹpútà ló gbé e jáde bẹ́ẹ̀." Alhaja ní, "Kọ̀ǹpútà wo? Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń bá mi gba owó ni?" Ká ní Alhaja ò mọ àwọn èèyàn wọn lórí ni, lẹ́tà ìkìlọ̀ ì bá ti dé Kubwa kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ìdí tí Kubwa fi sọnù ò le. SQL kì í tẹ̀lé bí a ṣe kọ kúẹ́rì sílẹ̀. SELECT la kọ́kọ́ ń kọ, àmọ́ FROM tó ń sọ tébù tí a fẹ́ lò ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, WHERE ló tẹ̀ lé e, ká tó kan GROUP BY, ká tó kan HAVING, SELECT ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàn nígbà yẹn, ORDER BY tó ń to èsì ló ń kẹ́yìn. WHERE yẹn ni máígádì ẹnu géètì: ẹni tó bá ti dá padà níta, MC tó ń ka èèyàn tábìlì sí tábìlì nínú họ́ọ̀lù ò lè mọ̀ pé onítọ̀hún wá, tó bá sì jẹ́ gbogbo ará tábìlì kan ni wọ́n dá padà, MC ò ní mọ̀ pé tábìlì yẹn wà lágbàáyé. Àwọn kan máa ń rò pé HAVING á yanjú ẹ̀. Kò lè yanjú ẹ̀, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ìlà jọ ni HAVING tó ń ṣiṣẹ́, ó lè yọ ẹ̀ka kúrò, àmọ́ kò lè dá èyí tó ti lọ padà.

Ohun tó yẹ kí abala yín kọ́ àwọn ọmọ wa ni pé kí wọ́n gbé kòńdíṣọ̀n kúrò ní ẹnu géètì, kí wọ́n gbé e wọ inú kíkà náà gan-an:

SELECT eka,
COUNT(*) AS gbogbo_e,
COUNT(CASE WHEN ipo = 'san tan' THEN 1 END) AS san_tan,
COUNT(CASE WHEN ipo = 'koja ojo' THEN 1 END) AS koja_ojo
FROM loonu
GROUP BY eka
ORDER BY eka;

Kúẹ́rì kan ṣoṣo, gbogbo ìlà ló wọlé, ẹ̀ka márààrún ló hàn, Kubwa gba òdo ẹ̀ lábẹ́ koja_ojo. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé COUNT tí ẹ bá fi nǹkan sínú ẹ̀ kì í ka NULL, ìyẹn ibi tó ṣófo. CASE ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan, tí kòńdíṣọ̀n bá bá a mu á fún un ní 1, tí ò bá bá a mu kò ní fún un ní nǹkan kan, ìyẹn NULL, COUNT á sì fò ó kọjá. CASE yìí ò tún jẹ́ nǹkan àná, ó ti wà nínú ìlànà SQL láti 1992, kò yẹ kó ṣì máa jọ àṣírí lójú àwọn ọmọ wa.

Ibi tí wọ́n máa ń ṣubú sí jù wà níbẹ̀ o, ó sì yẹ kí ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wò ó pé ìlà yẹn ò pé, wọ́n á wá fi ELSE 0 kún un kó lè dùn ún wò. Ẹni tó bá kọ COUNT(CASE WHEN ipo = 'koja ojo' THEN 1 ELSE 0 END) ti ka gbogbo ìlà nìyẹn, torí òdo kì í ṣe NULL, nǹkan ni òdo, COUNT á kà á. Tí Nyanya bá ní lóònù 40, gbogbo 40 ló máa di gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ràn ELSE 0 kó lo SUM dípò COUNT, SUM ń ro nọ́ńbà pọ̀ ni, òdo ò sì fi nǹkan kan kún un. Tí ẹ bá wá lo SUM tí ẹ ò fi ELSE 0 sí i, Kubwa á gba NULL dípò òdo, ojú ẹ̀ á ṣófo lórí bébà, ìbéèrè tún dé nìyẹn. COUNT láìsí ELSE, SUM pẹ̀lú ELSE 0. Èmi COUNT ni mo máa ń lò.

Ètò détábéèsì ò ṣọ̀kan. Àwọn tó ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní PostgreSQL ní ọ̀nà tó tún mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, COUNT(*) FILTER (WHERE ipo = 'koja ojo'). Ìlànà SQL 2003 ló mú FILTER wá, PostgreSQL gbà á wọlé nínú 9.4 lọ́dún 2014, SQLite náà gbà á nínú 3.30.0 lọ́dún 2019. MySQL àti SQL Server ò mọ̀ ọ́n. MySQL ní àgékúrú tiẹ̀, SUM(ipo = 'koja ojo') ti tó, torí òótọ́ jẹ́ 1 lójú ẹ̀, irọ́ jẹ́ 0. BigQuery ní COUNTIF. Àwọn ọ́fíìsì tó ṣì ń lo Access, tí wọ́n ṣì pọ̀ nílùú yìí, IIF ni wọ́n á lò torí Access ò mọ CASE. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ́ ọmọ, CASE ni màá kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, torí ibi tó bá bá iṣẹ́ lọ lọ́la ó ṣeé ṣe kó bá CASE níbẹ̀.

Àwọn ará Excel á ní àwọn ti ní COUNTIFS láti 2007. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni, kòńdíṣọ̀n ló wà nínú kíkà. Ẹni tó bá ti mọ COUNTIFS ò yẹ kí CASE tún ṣòro fún un.

Ó ku ti àwọn lóònù tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sí ipo wọn. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, apá kan kún, apá kan ṣófo, akọ̀wé ní òun á padà wá kún un, kò padà wá. Tí èèyàn bá wá ka "èyí tí wọn ò tíì san tán" pẹ̀lú ipo <> 'san tan' (ìyẹn ipo tó yàtọ̀ sí 'san tan'), àwọn tó ṣófo yẹn ò ní wọ ibẹ̀, wọn ò sì ní wọ ti àwọn tó san tán, torí lójú SQL, NULL kì í dọ́gba pẹ̀lú nǹkan kan, kì í sì í yàtọ̀ sí nǹkan kan, kò kàn mọ̀ ni. Ẹ ro apá méjèèjì pọ̀, kò ní pé. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni kí n fi COUNT(*) - COUNT(ipo) sí ìparí kúẹ́rì, iye ìlà tó ṣófo nìyẹn, kí ọ̀gá fi ojú ara ẹ̀ rí i, kó mọ ẹni tó máa lọ bá.

Ẹ tún wò ó pé mi ò fi àmì ohùn sí 'koja ojo' nínú àwọn kúẹ́rì yìí. Ó nídìí. Ọ tó ní àmì sábẹ́ tó tún ní àmì lórí, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹni kan lè fi àmì abẹ́ ṣíwájú, kíbọ́ọ̀dù ẹlòmíì á fi àmì orí ṣíwájú, lójú tèmi tẹ̀yin ọ̀kan náà ni, lójú ọ̀pọ̀ détábéèsì wọ́n yàtọ̀, kíkà á sì pín sí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Mi ò ní kí ẹ má kọ Yorùbá sínú détábéèsì o, orúkọ èèyàn ń fẹ́ àmì ohùn ẹ̀, àmọ́ ẹ lo kóòdù kékeré fún nǹkan tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe kòńdíṣọ̀n.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe lóònù ni alága ń béèrè, èèyàn ló ń béèrè. Ẹnì kan lè jẹ gbèsè lóònù méjì tó ti kọjá ọjọ́, kíkà tòkè yẹn á kà á lẹ́ẹ̀mejì. COUNT(DISTINCT CASE WHEN ipo = 'koja ojo' THEN omo_egbe END) ló máa kà á lẹ́ẹ̀kan, torí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni CASE dá padà dípò 1, DISTINCT kì í sì í jẹ́ kí wọ́n ka nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá ro ti gbogbo ẹ̀ka pọ̀ tó ju iye èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ tó jẹ gbèsè lọ, ẹni tó yá ní Nyanya tó tún lọ yá ní Lugbe wà níbi méjèèjì. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà.

Tí ẹgbẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka sí Kuje, tí ẹnikẹ́ni ò tíì yá owó níbẹ̀, CASE nìkan ò lè gbà á là, torí Kuje ò ní ìlà kankan nínú loonu. Ibi tí orúkọ gbogbo ẹ̀ka wà la ti máa bẹ̀rẹ̀, ká wá fi LEFT JOIN, tó ń so tébù méjì pọ̀ láìyọ ẹ̀ka kankan kúrò, mú loonu wá bá a. Kí ẹ ṣọ́ nǹkan méjì níbẹ̀. Ẹ má lo COUNT(*) mọ́, torí LEFT JOIN á fún Kuje ní ìlà kan tó ṣófo, COUNT(*) á sì pè é ní lóònù kan, nọ́ńbà lóònù gan-an ni kí ẹ kà. Èkejì, tí ẹ bá ń fẹ́ ti ọdún 2024 nìkan, inú ON (ibi tí a ti ń sọ bí tébù méjèèjì ṣe so pọ̀) ni kí ẹ fi kòńdíṣọ̀n ọdún sí, tí ẹ bá fi sí WHERE, Kuje á tún bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún náà wà níbẹ̀. Lóònù 3 nínú 40 yẹ kó jẹ́ 7.5, àmọ́ ní PostgreSQL àti SQL Server, 3 / 40 á fún yín ní òdo, torí nọ́ńbà odindi ni méjèèjì. 100.0 * 3 / 40 ni kí ẹ kọ.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kọ abala náà lè ní kúẹ́rì mẹ́ta rọrùn láti kà ju kúẹ́rì gígùn kan lọ. Mo gbà. Àmọ́ ẹ ronú ọjọ́ ìparí oṣù, táwọn èèyàn ń fi fóònù ránṣẹ́ owó sínú àpò ẹgbẹ́ láti àárọ̀. Ẹ ṣe kúẹ́rì àkọ́kọ́, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o sínú Excel, iná lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ padà wá ṣe ìkejì, láàárín ìyẹn ẹlòmíì ti san tiẹ̀ tán. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ tò pa pọ̀ yẹn kì í ṣe ti àsìkò kan náà mọ́, kò sì ní bára mu bó ti wù kí ẹ ṣe ìṣirò tó. Kúẹ́rì kan ń ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gba inú tébù kọjá lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó ṣe pàtàkì tí tébù bá tóbi.

Mi ò ní kí wọ́n sọ WHERE nù. Tó bá jẹ́ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ní Nyanya nìkan la fẹ́ pè lórí fóònù, WHERE ni. Tí kòńdíṣọ̀n kan bá kan gbogbo kíkà tó wà nínú kúẹ́rì, irú bí ọdún kan, WHERE náà ni, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tí mo ti ṣe lókè. Èyí tó bá kan kíkà kan tí ò kan èkejì ni kí wọ́n gbé wọ inú CASE.

Ó kan ẹ̀yin oníròyìn náà o, ìdí tí mo ṣe kọ ọ́ sí olóòtú nìyẹn dípò kí n wá ẹni tó ń kọ abala. Àwọn ọ́fíìsì máa ń fún yín ní àtẹ, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Area council mẹ́fà ló wà ní Abuja: Abaji, AMAC (Abuja Municipal), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali. Tí wọ́n bá gbé àtẹ wá tí márùn-ún péré wà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé ìkẹfà dà, ṣé òdo ni wọ́n rí níbẹ̀ ni àbí wọn ò tiẹ̀ débẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra wọn púpọ̀. Ti ìpínlẹ̀ náà, 36 pẹ̀lú Abuja, ìlà 37 ló yẹ kí ẹ rí. Ti ìjọba ìbílẹ̀, 774, mẹ́fà Abuja yẹn wà nínú ẹ̀. Kì í gba ìṣẹ́jú kan láti ka ìlà.

Tí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ bá mi bẹ ẹni tó ń to ìwé yín kan. Àmì kékeré tó wà lápá méjèèjì 'koja ojo' yẹn, títọ́ ló wà, kó má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ ọ́ di èyí tó tẹ̀ bí àmì tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn sílẹ̀. SQL ò mọ èyí tó tẹ̀, ẹ́rọ̀ ló máa gbé jáde fún ọmọ tó bá dà á kọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú àpẹẹrẹ kejì tí ẹ tẹ̀ nínú abala yẹn, mo rò pé ìdí tí àwọn kan ṣe ń ní kò ṣiṣẹ́ fáwọn nìyẹn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín,
Kubwa, Abuja